Ọwọ́ Tí Rẹ̀mílẹ́kún Fi Pamọ́ Sẹ́yìn

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀wọ̀ kò bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Èèyàn méjì lè jọ máa rìn lójú ọ̀nà oko, kí oníkálukú mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti ṣìnà, kí èkíní máa rò pé bóyá ibi tí èkejì fẹ́ lọ nìyí, kí èkejì náà máa rò bẹ́ẹ̀, títí wọn yóò fi bá ara wọn nínú irà. Bí ọ̀rọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún ṣe rí nìyẹn ní Ìgbẹmọ, lọ́dún tí ìjọba kéde pé kí gbogbo ọmọ wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ilésanmí ni Rẹ̀mílẹ́kún. Àgbẹ̀ ni Ilésanmí, ìrẹsì ló ń gbìn, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni. Gìrì mú ọmọ náà nígbà tí kò tíì pé ọdún kan. Nígbà tí gìrì yóò fi lọ, apá ọ̀tún rẹ̀ ti gan, ó ká mọ́ àyà bí apá adìyẹ, ìka rẹ̀ kò sì ṣe é là tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ dá ju bí àwọn àgbà ilé ṣe fẹ́ lọ.

Ìgbà mẹ́rin ni Ilésanmí ti mú un lọ sí ilé-ìwé kí ọdún yẹn tó dé. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọn ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà, nígbà tí ìwé ọjọ́ ìbí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ yóò na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ó wọlé. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ mu ẹ̀kọ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún Rẹ̀mílẹ́kún kò lè kan etí òsì láéláé, ì báà di ìyá àgbà. Ọdọọdún ni hẹ́dímásítà ìgbà náà ń sọ pé, "Kò tíì tó." Ọdọọdún ni Ilésanmí ń dọ̀bálẹ̀, tó ń dúpẹ́, tó ń mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Lọ́dún kẹrin, ọmọ tí kò tíì tó yìí ti ń ru garawa omi bọ̀ láti odò, ó sì ti ń da ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n etí ní kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Nínú gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí ó fi ọwọ́ kejì gbìyànjú.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, hẹ́dímásítà tuntun bá a dé, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ kí ìwé òun máa mọ́ ju kí aṣọ òun mọ́ lọ. Ó ní òun ò wọn etí ẹnikẹ́ni. Báyìí ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣe wọ kíláàsì kìíní lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tó yọrí láàárín àwọn ọmọ kéékèèké bí ọ̀pẹ láàárín ẹ̀gẹ́. "Ìyá Kíláàsì" ni wọ́n ń pè é. Ó ń jẹ́ wọn lóhùn.

Olùkọ́ kíláàsì náà ni Ìyáàfin Monínúọlá Ọlátúbọ̀sún. Ọmọ Adó ni, ilé rẹ̀ wà nítòsí ọgbà Fájuyì, ó gba yàrá kan sí Ìgbẹmọ, ó sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà ìsinmi, níbi tí wọ́n ti sọ fún wọn pé bí ọmọ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ bá wà ní kíláàsì, kí olùkọ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe sílẹ̀, ohun tí kò lè ṣe, àti ẹni tí yóò ṣe kí ni. Tíṣà ti ra ìwé ìkọ̀wé kan fún iṣẹ́ yìí. Ó ti fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tí yóò kọ sínú rẹ̀ ló ń wá.

Lọ́jọ́ kìíní, ó na pẹ́ńsùlù sí Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ náà yára fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn. Tíṣà wò ó, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ilé tó mọ ẹ̀kọ́ ni ilé yìí. Wọ́n ti kọ́ ọmọ wọn pé a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Èmi kọ́ ni n óò ba ẹ̀kọ́ ilé onílé jẹ́." Kò béèrè. Ó gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi di pẹ́ńsùlù mọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún tó gan yẹn, ó ní kí ó máa kọ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí Tíṣà kò mọ̀ ni ohun tí Ilésanmí sọ fún ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Rẹ̀mí, níbi tí ò ń lọ yìí, má jẹ́ kí wọ́n rí òsì rẹ. Wọ́n ń na ọmọ tó bá fi òsì kọ̀wé. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á tún ní o ò tíì tó."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Bí Tíṣà bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ kíláàsì, ohùn Rẹ̀mílẹ́kún ló ń kọ́kọ́ jáde. Ó lè ka nǹkan dé ọgọ́rùn-ún lọ, kí ó tún kà á bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀ ló rí. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò ìparí ọdún ń bọ̀, òfin rẹ̀ kò sì le láti mọ̀: ọmọ tí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kò ní lọ sí kíláàsì kejì.

Tíṣà kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n wá. Níbo ni ìwé ti ń jáde láti ilé-ìwé lọ bá àgbẹ̀ nígbà náà, bí kò bá ṣe pé ọmọ rẹ̀ ti la ẹnì kan lórí? Ilésanmí ru iṣu mẹ́ta, ó mú ìyàwó rẹ̀ Adéfúnkẹ́ lẹ́yìn, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó kí i.

"Ẹ bá wa dárí jì í," ló wí.

"Kí ló ṣe?" Tíṣà béèrè.

"Ohun yòówù tó ṣe."

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n fi í jókòó. Bẹ́ǹṣì ọmọ kíláàsì kìíní ni. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Hẹ́dímásítà Adéyẹyè jókòó sórí àga Tíṣà, Tíṣà jókòó sórí tábìlì, Adéfúnkẹ́ sì lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó sin ọkọ rẹ̀ wá lásán. Hẹ́dímásítà ní kí bàbá ọmọ gbàdúrà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Áńgílíkà ni Hẹ́dímásítà, kò mọ ohun tó fà lẹ́sẹ̀. Ilésanmí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a dá ayé, ó gba ọ̀dọ̀ Ábúráhámù kọjá, ó tọrọ òjò fún ìrẹsì, ó súre fún ìjọba, ó dárúkọ Tíṣà lẹ́ẹ̀méje. Nígbà tó ṣe àmín, Hẹ́dímásítà ti bọ́ aago rẹ̀ wò tán, ó ti dì í mọ́ ọwọ́ padà.

Lédè àdúgbò tiwa, "ìwọ" là ń pe gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ ọba. Ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, "ẹ̀yin" àwọn ará Ọ̀yọ́ ni Ilésanmí ń wá káàkiri ẹnu, ohun gbogbo tí Tíṣà bá sì sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló fi ń gbà á.

"Bàbá Rẹ̀mí, mo rò pé kí ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún náà kọ̀wé nílé pẹ̀lú, nírọ̀lẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wọ́n fi àdí ra á fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan. Ṣé kò ní pọ̀ jù?"

"Kò lè pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

"Ṣé ẹ̀yin náà ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Kí la mọ̀? Ọwọ́ yín la fi í lé."

Adéfúnkẹ́ la ẹnu lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó pa á dé.

Bí wọ́n ṣe parí ìpàdé àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilésanmí tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀ ojú ewé, inú gbogbo wọn sì dùn sí ètò tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbà á gbọ́.

Ní ilé, wákàtí náà di ẹkún. Lójoojúmọ́ ni Adéfúnkẹ́ ń fi àdí ra apá ọmọ rẹ̀, tí bàbá ń di pẹ́ńsùlù mọ́ ọn, tí ìka ń wú. Ọmọ tó máa ń sáré lọ sí ilé-ìwé kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kẹta wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun. Lọ́jọ́ kan Adéfúnkẹ́ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Rẹ̀mí, kí ló dé tí o ò lè sọ fún Tíṣà pé ọwọ́ yìí kò ṣe é lò?"

"Ta ni mí tí n óò kọ́ tíṣà níṣẹ́? Obìnrin náà ń fi ojoojúmọ́ di rọ́bà mọ́ ọmọ rẹ lọ́wọ́. Ọmọ bíi ọgọ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ojú tirẹ̀ ń tì mí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti rò ó. Kí Rẹ̀mí lọ sí Adó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kí ó máa bá a tọ́jú ọjà. Ká má yọ Tíṣà lẹ́nu mọ́."

Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Kò sunkún. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo lè kà á dé igba báyìí." Ilésanmí wò ó. Ó ní kí ó lọ kó ewúrẹ́ wọlé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, tọkọtaya náà padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ìrẹsì ni Ilésanmí rù, ìrẹsì tuntun kún agbọ̀n kan. Ó ní àwọn wá dúpẹ́ ni. Ó ní Tíṣà ti ṣe ohun tí ìyá ọmọ kò lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbé pọ̀n kì í tún na ẹsẹ̀. Kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún kúrò.

Tíṣà wo agbọ̀n náà. Ó rò pé, "Ó ti sú wọn. Mo ti fi wákàtí kan lójúmọ́ yọ wọ́n lẹ́nu, àgbẹ̀ sì ni wọ́n." Kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ń gba ọmọ mọ́ onílé lọ́wọ́. "Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ, Bàbá Rẹ̀mí, kò burú," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ó ní láti tún un sọ.

Hẹ́dímásítà, tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú Tíṣà, ṣí rẹ́jísítà. Ó gbé rúlà lé orúkọ kọkànlá, tí í ṣe ti Rẹ̀mílẹ́kún, ó fa báírò pupa. Kí ó tó fa ilà náà dé ìdajì, ó rántí ìwé ìkọ̀wé Tíṣà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé tó mọ́ ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìwé kankan ṣófo.

"Tíṣà, ọ̀nà kìíní ìwé yín, ohun tí ọmọ lè ṣe, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí alábẹ̀wò bá dé ńkọ́? Ẹ kọ nǹkan kan sí i ká tó pa á dé."

Tíṣà wo Ilésanmí. Ilésanmí wo ilẹ̀. Hẹ́dímásítà bá yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ̀yin lẹ bí i. Kí ni ọmọ yín lè ṣe?"

Adéfúnkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò wò ó. "Ṣé èyí tó ń ṣe nílé ni tàbí èyí tó ń ṣe níbí?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó yá jù mí lọ. Ó ń sọ òkò sí ẹyẹ lóko, ọ̀kan ni, kì í sọ ìkejì. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ń ya irun ọmọ àbúrò mi." Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gbéra. "Ó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri àká. Èmi ò mọ̀ bóyá ìwé ni, ṣùgbọ́n ó ti kún ògiri."

Báírò Tíṣà dúró. "Ọwọ́ wo ló fi ń ṣe é?"

"Ọwọ́ wo ló tún ní? Òsì ni."

"Ẹ sì gbà fún un?"

"Bí a ò bá gbà, ta ni yóò bá wa ṣa ìrẹsì?"

Tíṣà yíjú sí Ilésanmí. "Bàbá Rẹ̀mí, mo rò pé ẹ kò fẹ́ kí ó lo òsì ni. Mo rí i tó ń fi í pamọ́, mo ní ẹ̀kọ́ ilé yín ni. Ìdí tí mo ṣe ń di rọ́bà nìyẹn."

Ilésanmí gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Èmi ni mo ní kí ó fi í pamọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ ẹ. Ìdí tí mo ṣe ń di tèmi nílé nìyẹn."

Adéfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì gba abẹ́ gèlè jáde. Tíṣà tẹ̀ lé e. Hẹ́dímásítà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Oṣù márùn-ún," ni Tíṣà ń sọ. "Oṣù márùn-ún ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún ara wa lórí ọmọ ọlọ́mọ."

Ọjọ́ náà ni ìpàdé gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ìjà ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó parí nìyẹn," Tíṣà wí. "Láti ọ̀la lọ, kí ó fi òsì kọ̀wé, kí ó fi gba ìwé lọ́wọ́ mi, kí ó fi nàka bó bá mọ ìdáhùn."

"Rárá," Ilésanmí wí.

Gbogbo wọn wò ó. Ó jọ pé òun alára kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu òun.

"Kí ó fi kọ̀wé, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi máa na òsì sójú àgbà láìsọ nǹkan kan, n ò gbà. Wọ́n á ní kò sílé tó ti wá."

"Èmi ni mo ní kò burú."

"Ìwọ nìkan kọ́ ni àgbà tó wà ní Ìgbẹmọ, Tíṣà."

Ó ti gbàgbé "ẹ̀yin" àwọn ará Ọ̀yọ́. Tíṣà gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún lẹ́yìn tó ti pẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, 'Ẹ má bínú, òsì ni mo ní,'" Adéfúnkẹ́ dá sí i. "Bó ṣe ń ṣe fún ìyá mi nìyẹn."

"Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pín ìwé? Agogo á lù, yóò ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀," Tíṣà wí.

"Ẹ jẹ́ kí ó tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ fún gbogbo ọjọ́," Hẹ́dímásítà wí, "bí àdúrà."

"Àdúrà àárọ̀ kò ní ká má gba ti ọ̀sán," Ilésanmí fèsì.

"A ti rí i, Bàbá Rẹ̀mí. Bí ti ìjọ yín ṣe ń gùn la mọ̀," Hẹ́dímásítà wí.

Ilésanmí rẹ́rìn-ín, ó gbà á bẹ́ẹ̀: lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ fún Tíṣà, lẹ́ẹ̀kan fún Hẹ́dímásítà bó bá pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí Hẹ́dímásítà sọ fún àwọn tíṣà yòókù pé kí wọ́n má na ọmọ náà nítorí òsì. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun rí i bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí òun ò tilẹ̀ lè kà á. Hẹ́dímásítà kọ ọ́.

Tíṣà ní ìṣòro kan kù. Ọwọ́ tó gan kò lè di ìwé mú, ìwé yóò sì máa sá kiri lórí tábìlì. Ó ní òun lè fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Adéfúnkẹ́ ní kí wọ́n má wá wàhálà, ọmọ ọlọ kan wà nílé tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, òun yóò fi rán ọmọ náà, kí ó gbé e lé etí ìwé.

"Ọmọ ọlọ nínú kíláàsì mi?" Hẹ́dímásítà béèrè.

"A ò ní lọ ata lórí rẹ̀," Adéfúnkẹ́ wí.

Wọ́n fi sí i pé kí ó jókòó sí ìgbẹ̀yìn bẹ́ǹṣì lápá òsì, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà máa gún ẹni kejì. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ojú ewé náà kún. Kò sí ẹni tó sọ pé "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé" mọ́. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, òòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú fèrèsé kí ó tó tán.

Hẹ́dímásítà wo rẹ́jísítà rẹ̀. Ìdajì ilà pupa wà lórí orúkọ kọkànlá, kò sì sí bí a ṣe lè pa á rẹ́. Ó pòṣé. Ó lọ sísàlẹ̀ ojú ewé, ó kọ orúkọ náà tuntun sí ìgbẹ̀yìn gbogbo wọn, ó ní ta ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí ètò.

"Ẹni tó ni ín," Tíṣà wí.

Ìta ni Rẹ̀mílẹ́kún wà láti ìgbà tí wọ́n ti dé, lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń dúró kí wọ́n wá sọ fún un ọjọ́ tí yóò lọ sí Adó. Ìyá rẹ̀ pè é wọlé. Ó dúró láàárín wọn, òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Gbé e jáde," bàbá rẹ̀ wí.

Kò gbé e jáde. Ó ń wo Tíṣà.

"Rẹ̀mí, a ò ní mú ọ lọ sí ibì kankan. Tíṣà ti gbà. Gbé e jáde, kí o sì sọ ohun tí ìyá rẹ kọ́ ọ."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, òsì ni mo ní," ló wí, ó sì na ọwọ́ náà. Tíṣà fi báírò sí i. Ìka rẹ̀ dì í mú ṣinṣin láìsí rọ́bà. Ó tẹ̀ ba tábìlì, ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé mọ́lẹ̀ fún un, ó sì kọ lẹ́tà kan, gàdàgbà, tó gba ìlà mẹ́ta.

Ilésanmí na ọrùn. "Tíṣà, ṣé ó gbà á?"

Tíṣà wo lẹ́tà náà. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kí ó kọjú sí, ikùn rẹ̀ wà lápá òsì, bí ẹni tó ń bínú kúrò nílé. "Ó dára púpọ̀" ti wà lórí ahọ́n Tíṣà. Ó gbé e mì.

"Kò gbà á," ló wí. "Ó yí i padà. Iwájú ló wà lẹ́yìn yẹn."

Rẹ̀mílẹ́kún wò ó, ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Gbogbo ti ara ògiri àká náà ló rí bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Nígbà náà, ògiri àká yín ní iṣẹ́," Tíṣà wí.

Ilésanmí jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé náà, orúnkún rẹ̀ tún gòkè. "O ṣeun, Tíṣà, tí o sọ ọ́ fún wa," ló wí. "Rẹ̀mí, tún un kọ. Ilé ò jìnnà."

Wọ́n jókòó tì í, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń tún un kọ.